Ìtọ̀ Gbígbóná Tí Èmi àti Ẹ̀gbọ́n Mi Fi Pamọ́ Fún Ara Wa

Ẹ̀yin obìnrin tí nǹkan oṣù yín ti dá, àti ẹ̀yin tó kù díẹ̀ kí tiyín dá, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò dùn ún gbọ́, ibi tó sì ti ṣe mí kì í ṣe ibi tí obìnrin ilé wa ń dárúkọ níta. Ìtìjú ti gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi tí n kò lè rí gbà padà mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú gègé. Ìwé díẹ̀ tí mo kọ́ ní kíláàsì àwọn àgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ni mo fi ń kọ èyí. Bí ọ̀rọ̀ bá wọ́ níbì kan, ẹ fojú fò ó.

Ọmọ Ìyárá ni mí, Ìyàh-Gbẹ̀dẹ̀ ni mo ti ṣe ìyàwó. Ọkọ mi, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Baba Dáre, ń gbin iṣu àti kọfí. Èmi ń hun kíjìpá lórí òfì tí a gbé ti ògiri inú yàrá mi, bí ìyá mi ti hun ún kí n tó dáyé. Ọmọ mẹ́fà ni mo bí, mẹ́rin ló wà láyé. Bí aṣọ bá tó mẹ́rin márùn-ún, mo máa ń gbé e lọ sí ọjà Kabba, n ó sì sùn mọ́jú lọ́dọ̀ ọmọbìnrin mi Táyọ̀, tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé ìwé níbẹ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ Kabba yìí sọ́kàn, nítorí pé òun ni wọ́n fi mú mi.

Ó ti lé ní ọdún mẹ́ta tí nǹkan oṣù mi ti dá kí ìyọnu tó dé. Inú mi tiẹ̀ dùn nígbà tó dá. Mo ní mo ti bọ́ lọ́wọ́ àkísà fífọ̀.

Ìgbà ọyẹ́ ni mo kọ́kọ́ fura. Ojú ara mi gbẹ, ó ń yún mi, ó ń ta mí bí ìgbà tí ènìyàn fi ọwọ́ tó fi lọ ata nu ojú. Mo di ẹ̀bi ru ọyẹ́, mo ń fi àdín pa á. Ọyẹ́ lọ, òun kò lọ. Ìtọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Bí mo bá lóṣòó, bíńtín ni yóò jáde, èyí tó jáde náà yóò máa jó mi títí n ó fi di igi mú. N ó dìde, n ó padà sídìí òfì, n kò ní tíì fi òwú kọjá lẹ́ẹ̀mẹwàá tí yóò tún gbọ̀n mí dìde. Aṣọ tí mo máa ń hun parí kí ọjọ́ ọjà tó yí padà wá ń gbà mí ní ọjọ́ ọjà mẹ́ta. Lọ́jọ́ kan tí mo ru omi bọ̀ láti odò, ikọ́ kan ṣoṣo ni mo wú, ìtọ̀ sì dà sí mi lẹ́sẹ̀ méjèèjì. Àwọn obìnrin mìíràn wà lẹ́yìn mi. Mo mọ̀ọ́mọ̀ gbọn ìkòkò náà kí omi rẹ̀ lè dà sí mi lára, kí wọ́n má baà mọ èyí tó jẹ́ omi odò àti èyí tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti dín omi mímu kù. Mo rò pé ọgbọ́n ni mo ń gbọ́n: ẹni tí kò mu omi, kí ni yóò máa tọ̀? Ẹ má ṣe é. Ńṣe ni ìtọ̀ náà ki, tí ó ń rùn, tí jíjó rẹ̀ sì di ìlọ́po méjì.

Ní ti ọkọ mi, n ó sọ ọ́ bó ṣe rí, torí ọ̀pọ̀ nínú yín ló wà níbẹ̀ báyìí tí ẹ ń fi eyín di ètè. Bí ó bá sún mọ́ mi, bí ẹni ń fi ọ̀bẹ gé mi ni. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ máa ń kán sórí ẹní. Mo fara dà á nígbà méjì. Nígbà kẹta tí mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi mí sílẹ̀, ó dìde, ó lọ jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó kẹ̀yìn sí mi.

Ó ní, “Ta ni ó wà ní Kabba?”

Mo ní kò sí ẹnì kankan ní Kabba bí kò ṣe Táyọ̀. Ìgbà tí mo fẹ́ bí Táyọ̀, ọkùnrin yìí ló gbé mi lórí kẹ̀kẹ́ lọ sọ́dọ̀ agbẹ̀bí, tó ń fẹsẹ̀ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́ náà kí ó má baà gbọ̀n mí jù. Òun náà ló ń bi mí ta ni ó wà ní Kabba.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin kan ń gbé pẹ̀lú wa, Ìyá Ṣadé, ẹni tí ọkọ rẹ̀ kú tó padà sílé bàbá rẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ gbọ́ òórùn ara mi. Ó pè mí sí ẹ̀yìnkùlé, ó ní kí n má parọ́, àtọ̀sí ni, àti pé ọkùnrin ló ń kó o ran obìnrin, ọkùnrin tí kì í ṣe ẹ̀gbọ́n òun, nítorí ara ẹ̀gbọ́n òun le. Kí oṣù náà tó parí, àwọn àgbà ilé ti jókòó lé ọ̀rọ̀ mi lórí. Wọn kò nà mí, wọn kò bú mi. Wọ́n kàn ń bi mí ní ìbéèrè kan náà ní oríṣiríṣi ọ̀nà, Baba Dáre sì ń wo ilẹ̀.

Ìtọ́jú wá di ti gbogbo ayé. Ìyá Ṣadé se káún àti álọ́ọ̀mù sínú omi gbígbóná, ó ní kí n jókòó lé e kí ìdọ̀tí lè jáde. Mo jókòó lé e. Awọ ibẹ̀ bó. Olórí àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì ní kí n gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta láìmu omi. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ìtọ̀ mi ti dúdú bí omi ewé tíì, òtútù sì ń mú mi nínú oòrùn. Ẹlòmíràn gbé àgbo jẹ̀díjẹ̀dí wá, ẹlòmíràn ní kí n jẹ́wọ́, pé bí mo bá ti jẹ́wọ́ ni ara yóò fúyẹ́. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́wọ́ ohun tí n kò ṣe, kí n ṣáà lè sinmi.

Níkẹyìn ni mo gba ilé egbòogi ìjọba kan lọ. Mo bá àwọn èrò lórí ìlà láti àárọ̀, ọkùnrin àti obìnrin, gbogbo wa lórí bẹ́ǹṣì kan. Nígbà tó kàn mí, ọkùnrin tó ń tọ́jú wa bi mí ohun tó ń ṣe mí, mo sì sọ ọ́ sí i létí. Òun kò fi ohùn kékeré dá mi lóhùn. Ó ní, “Àtọ̀sí. Níbo ni ọkọ rẹ wà?” Gbogbo bẹ́ǹṣì náà yíjú sí mi. Kò yẹ ìtọ̀ mi wò, kò bi mí léèrè ọjọ́ orí mi. Ó gún mi lábẹ́rẹ́, ó ní kí n máa bọ̀ fún ọjọ́ méje.

Abẹ́rẹ́ náà ṣiṣẹ́. Ibí ni ọ̀rọ̀ ti burú jù. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin, jíjó náà rọlẹ̀, òórùn lọ. Gbogbo ilé wá ní, ẹ ò rí i, abẹ́rẹ́ àtọ̀sí ló wò ó, àtọ̀sí náà ni. Oṣù kan àti díẹ̀ lẹ́yìn náà, ó padà dé, wọ́n sì ní mo ti tún lọ bá ọkùnrin náà. N kò tíì tún dé Kabba láti ìgbà tí mo gba abẹ́rẹ́ tán. Mo sọ bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tó fetí sí i.

Baba Dáre pè mí lọ́jọ́ kan lẹ́yìn oúnjẹ. Ó ní, “Máa lọ sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ títí ara rẹ yóò fi mọ́.” Kò gbé ohùn sókè. Mo tú òwú lórí òfì mi, mo kó o sínú agbọ̀n, mo sì padà sí Ìyárá tí mo ti kúrò ní ọmọge.

Ẹ̀gbọ́n mi Àwáwù wà ní Ìyárá. Ìyá kan náà ló bí wa. Ọkùnrin Mùsùlùmí ló fẹ́, òun náà sì gba ẹ̀sìn ọkọ rẹ̀, ó sì dì í mú ṣinṣin títí ọkọ náà fi kú. Òun ló ń gbé ẹ̀kọ wá fún mi láràárọ̀. Kì í pẹ́ jókòó. Yóò gbé abọ́ sílẹ̀, yóò bá mi sọ̀rọ̀ díẹ̀, yóò sì ní òun ní nǹkan lórí iná. Ilé rẹ̀ máa ń kún fún èéfín tùràrí nígbà gbogbo. Àwọn ará àdúgbò sọ fún mi pé kì í bá àwọn obìnrin yòókù kírun mọ́, pé yàrá rẹ̀ ló ń kírun sí. Mo rò pé ìgbéraga ni. Mo rò pé nítorí pé ọmọ rẹ̀ ti lọ sí Mẹ́kà ni.

Ó bi mí lọ́jọ́ kan pé, “Kí ló ń ṣe ọ́ gan-an?”

Mo ní, “Ibà ni.”

Ó wò mí pẹ́. Ó ní, “Ibà burú. Ó ń da èmi náà láàmú.”

Bí a ṣe parọ́ fún ara wa nìyẹn, àwa ọmọ ìyá, ní ọ̀sán gangan.

Kò tó oṣù méjì tí mo dé Ìyárá tí àìsàn náà fi dá mi dùbúlẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ni mo ń tọ̀. Ẹ̀yìn ń ro mí, eyín mi ń lù pọ̀. Wọ́n ránṣẹ́ sí Táyọ̀. Nígbà tó dé tó rí mi, kò bi mí ní ìbéèrè. Ó ní, “Iye,” bí àwa ará Okun ṣe ń pe ìyá, “ẹ dìde, a ń lọ.” Ó ti gbọ́ nípa ilé ìwòsàn kan tí àwọn míṣọ́nnárì kọ́ sí ilẹ̀ Yàgbà, pé dókítà obìnrin wà níbẹ̀. Lórí lọ́rì tó kó iṣu ni a gùn lọ. Gbogbo kòtò ojú ọ̀nà náà ni mo fi ara mi kà. Nǹkan tí a ná, kíjìpá mẹ́ta tí mo ti hun fún ìgbéyàwó Táyọ̀ ló bá a lọ, òun fúnra rẹ̀ ló sì tà wọ́n.

Ọjọ́ méjì ni a fi wà lórí ẹní nínú ọgbà ilé ìwòsàn náà kí ó tó kàn wá. Àwọn tó ti Ìgbómìnà wá wà níbẹ̀, àwọn Núpé náà wà níbẹ̀, ọmọ lẹ́yìn, egbò lẹ́sẹ̀. Wọ́n fún mi ní oògùn ibà ara gbígbóná ní ọjọ́ àkọ́kọ́ nígbà tí wọ́n rí i pé mò ń gbọ̀n. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n gba ìtọ̀ mi sínú ìgò. Mo rí nọ́ọ̀sì náà tó da díẹ̀ mọ́ oògùn aláwọ̀ aró kan, tó sè é lórí iná láti wò ó bóyá ṣúgà wà nínú rẹ̀, nítorí àtọ̀gbẹ. Wọ́n gbé òmíràn sábẹ́ awò tí wọ́n fi ń wo kòkòrò.

Dókítà náà jẹ́ arúgbó, irun rẹ̀ funfun, ó sì ń sọ Yorùbá bí ọmọ Yàgbà. Ó ti ilẹ̀kùn kí ó tó bá mi sọ̀rọ̀. Ohun àkọ́kọ́ tó bi mí ni pé, “Ìyá, ó tó ọdún mélòó tí nǹkan oṣù yín ti dá?”

Mo ní ó ti lé ní mẹ́rin.

“Kò sí ẹni tó bi yín léèrè ìyẹn rí?”

Mo ní kò sí. Ó yẹ̀ mí wò jẹ́jẹ́. Nígbà tó parí, ó fọwọ́, ó jókòó, ó ní kì í ṣe àtọ̀sí, kò sí ìṣìnà kankan nínú ọ̀rọ̀ mi. Ó ṣàlàyé pé ohun kan wà tí ara obìnrin ń ṣe fúnra rẹ̀ nígbà tó bá ń ṣe nǹkan oṣù. Òun ló ń mú ojú ara nípọn, tó ń mú un lọ́rinrin. Bí nǹkan oṣù bá dá, ara kì í ṣe é tó mọ́. Awọ ibẹ̀ á fẹ́lẹ́, á gbẹ, á máa tètè bó, àìsàn á sì máa rí ọ̀nà wọ inú àpò ìtọ̀. Abẹ́rẹ́ lè pa àìsàn náà lónìí, ṣùgbọ́n bí awọ bá ṣì wà ní fífẹ́lẹ́, yóò padà wá. Káún àti álọ́ọ̀mù tí mo jókòó lé ti dá kún un, àìmu omi náà ti dá kún un.

Mo sunkún níbẹ̀. Kì í ṣe ìrora ló pa mí lẹ́kún. Mo ní kí ó jọ̀wọ́ bá mi kọ ọ́ sínú ìwé pé kì í ṣe àtọ̀sí. Ó kọ ọ́, ó lu òǹtẹ̀ lé e.

Oògùn oníhóró ni mo kọ́kọ́ lò títí ìtọ̀ fi mọ́. Lẹ́yìn náà ló fún mi ní ìpara funfun kan, inú páànù rírọ̀ bí èyí tí wọ́n ń kó ọṣẹ ìfọyín sí, pẹ̀lú ọ̀pá kékeré tí a fi ń fi í sínú. Alaalẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ó ní ohun tí ara mi kò ṣe tó mọ́ ló wà nínú ìpara náà. Ó kìlọ̀ pé bí mo bá tún rí ẹ̀jẹ̀ kankan, kí n má dúró, kí n wá. Ó ní kí n má fi ìpara mi ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ láìjẹ́ pé wọ́n yẹ ẹni náà wò.

Lẹ́yìn náà ló bi mí, “Ṣé ẹ ní àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n lóbìnrin? Ẹ sọ fún wọn.”

Mo ní mo ní ẹ̀gbọ́n kan. Mo ní n ó sọ fún un.

Ara kò yá lọ́jọ́ kan. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tó tọ̀ láìdi nǹkan mú. Lẹ́yìn oṣù méjì, mo lè jókòó. Mo ti padà sí Ìyárá nígbà náà. Táyọ̀ ránṣẹ́ sí Baba Dáre, òun fúnra rẹ̀ sì wá, pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin. Táyọ̀ ka ìwé dókítà náà fún wọn lẹ́ẹ̀mejì. Ọkọ mi gba ìwé náà, ó wò ó pẹ́ bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ̀wé, ó ká a, ó fi sínú àpò. Ó ní, “Máa bọ̀ nílé.” Ohun tó sọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ títí di òní.

Ní ọjọ́ tí mo fẹ́ lọ, mo yà sílé Àwáwù láti dágbére. Àwa méjì péré ni. Ó bi mí ohun tí wọ́n sọ fún mi ní ilé ìwòsàn. Ibẹ̀ gan-an ni ó yẹ kí n ti sọ ọ́. Ìpara náà wà ní ìdí ìró mi. Ṣùgbọ́n mo rò ó pé tí mo bá ní ojú ara ni, yóò bi mí kí ló dé ibẹ̀, ọ̀rọ̀ àtọ̀sí yóò sì tún jáde, èyí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sin.

Mo ní, “Wọ́n ní ibà tó wọ inú ẹ̀jẹ̀ ni.”

Ó ní, “Ṣé oògùn wọn ṣiṣẹ́?”

“Ó ṣiṣẹ́.”

Ó dákẹ́. Ó ní kí n kí Baba Dáre. Bí mo bá rántí ìdákẹ́jẹ́ yẹn, mo máa ń dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ó fẹ́ bi mí ní nǹkan.

Òjò ọdún náà ti mú ilẹ̀ dáadáa nígbà tí wọ́n wá pè mí. Wọ́n ní ibà ti gbé Àwáwù ṣánlẹ̀, pé ó ń gbọ̀n, ẹ̀yìn rẹ̀ ń dùn ún, ó ń bì. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n ti fi ń fún un ní àgbo ibà. Mo fẹsẹ̀ rìn lọ nítorí pé ọkọ̀ kò lè gba ojú ọ̀nà lọ́jọ́ náà. Nígbà tí mo wọ yàrá rẹ̀, èéfín tùràrí ti tán, mo sì gbọ́ òórùn náà. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ti mọ òórùn ara mi.

Mo kúnlẹ̀, mo fi ẹnu sí i létí, mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, kì í ṣe ibà.” Kò mọ̀ mí mọ́. Mo ní kí wọ́n lọ wá lọ́rì. Wọ́n lọ. Lọ́rì dé ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó bá wa nídìí òkú.

Wọ́n sin ín kí oòrùn tó wọ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀ àgbà, Rábì, ń palẹ̀ yàrá náà mọ́. Ó fa agbọ̀n kan jáde láti abẹ́ ibùsùn. Àkísà ló kún inú rẹ̀, èyí tí a fọ̀ àti èyí tí a kò tíì fọ̀. Ó bi mí kí ni wọ́n ń fi èyí ṣe. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un nígbà náà, láti orí ọyẹ́ àkọ́kọ́ títí dé ìpara.

Ó gbọ́ mi tán. Ó ní, “Ẹ mọ̀ ọ́n?”

Mo ní mo mọ̀ ọ́n.

Ó ní, “Ẹ sì jẹ́ kí ó máa mu àgbo ibà.”

Mo kó àwọn àkísà náà lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo sì fọ̀ wọ́n.

Mo padà lọ bá dókítà náà. Ó sọ fún mi pé òun kò lè búra lórí ẹni tí òun kò fojú rí, ṣùgbọ́n bí mo ti ṣàlàyé rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí àìsàn inú ìtọ̀ ti gòkè dé kíndìnrín, kí ó sì ti wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ó ní oògùn wà fún un, bí a bá tètè gbé ènìyàn wá. Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́. Ó dùn mí ju bí ẹni pé ó bú mi lọ.

Ó ti pé ọdún méjì báyìí. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni mò ń lo ìpara náà. Ìgbà kan wà tí ó tán ní ilé ìwòsàn, tí èyí tí wọ́n ń retí láti òkè òkun kò tètè dé. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, ojú ara mi ti tún gbẹ, jíjó náà sì tún yọjú. Nítorí náà n kò sọ pé mo ti bọ́ pátápátá. Mo ń mu omi, n kì í mú ìtọ̀ mọ́ra, n kì í fi ọṣẹ tàbí káún kan ibẹ̀. Mo lè jókòó sídìí òfì láti àárọ̀ títí di ìgbà oúnjẹ ọ̀sán. Èmi àti Baba Dáre jọ ń gbé. Ìwé dókítà wà nínú àpótí rẹ̀, pẹ̀lú àwọn ìwé owó orí.

Mo máa ń bá àwọn obìnrin sọ ọ́ lẹ́yìn ìsìn. Àwọn kan ní ojú mi ti le jù. Àwọn mẹ́rin ti lọ yẹ ara wọn wò: àwọn méjì gba ìpara bíi tèmi, àtọ̀gbẹ ni wọ́n bá lára ẹnì kan, ẹnì kẹrin ní egbò kan nínú ilé ọmọ tó jẹ́ àrùn ọ̀tọ̀, a sì ń bẹ Ọlọ́run fún un. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń wí pé kí ẹ lọ kí wọ́n wò yín. Ẹ má ṣe fi ẹnu mi tọ́jú ara yín. Bó bá ń jó yín, bó bá ń gbẹ, bó bá ń gbọ̀n yín dìde ní gbogbo ìgbà, ẹ má pè é ní ibà. Ẹ sọ fún ọmọ ìyá yín lọ́jọ́ tí ẹ gbọ́ ọ.

Rábì kì í wá sílé mi. Bí a bá pàdé ní ọjà Kabba, yóò kúnlẹ̀, yóò kí mi pé, “Okun o, Iye,” nítorí pé wọ́n kọ́ ọ dáadáa. Lẹ́yìn náà yóò dìde, yóò gbé ẹrù rẹ̀, yóò sì máa lọ.